Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ogun Tí À Ń Kọ́: Owó Tí A Gbà àti Owó Tí A Kò Gbà

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọwọ́ àwọn ará ìlú ṣe ń yá sí owó, ẹ ní ẹ fẹ́ tún ṣọ́ọ̀ṣì kọ́, tàbí mọ́sálásí, tàbí pé ẹ fẹ́ sìnkú àgbà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, owó á ti wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ dìde nínú ìpàdé ìlú, kí ẹ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ogun lẹ fẹ́ kọ́, ẹ óò rí i bí wọn yóò ṣe máa wojú ara wọn. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n fi mí ṣe alága ìgbìmọ̀ ìkówójọ, ìyá àgbà kan bi mí pé: "Ọmọ mi, ogun tí à ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí, òun lẹ wá fẹ́ kọ́lé fún?"

Ìbéèrè náà kò bí mi nínú, nítorí òótọ́ ni ìyá sọ. Ṣùgbọ́n ó ti di ọdún kẹrin báyìí tí mo ti ń kówó kiri fún ilé yìí ní ìlú wa, ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, mo sì ti wá mọ̀ pé ẹni tí kò fẹ́ kí ogun tún wá ló yẹ kó tọ́jú ìrántí rẹ̀ jù. Mo ń kọ èyí sí ẹ̀yin ìdílé tó wà káàkiri orílẹ̀-èdè yìí, nítorí ohun tí a bá pàdé ní ìlú kékeré tiwa, kò sí ìlú tí kò lè bá a pàdé.

Ẹ jẹ́ ká ti orí orúkọ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó, ẹ ti gba ẹ̀gbẹ́ Dodan Barracks kọjá, ẹ sì ti gbọ́ nípa Arakan Barracks ní Àpápá. Ní Ìbàdàn, Letmauk Barracks wà ní Mọ́kọ́lá. Ní Kàdúná, Dalet wà, Kalapanzin náà wà. Ẹ̀yin òǹkàwé wa tó wà ní Gánà, ẹ mọ Burma Camp ní Accra. Awakọ̀ ń kígbe orúkọ wọ̀nyí láti fi pe èrò, àwọn ìyá ń ta búrẹ́dì àti àkàrà lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ṣùgbọ́n ẹni mélòó nínú wa ló mọ̀ pé orúkọ inú ilẹ̀ Bọ́mà ni gbogbo wọn, ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Myanmar lónìí, níbi tí àwọn bàbá wa ti jagun, tí ọ̀pọ̀ wọn kò sì padà wálé mọ́?

Ogun Hítílà ni àwọn àgbà ń pè é. Ní ọdún 1943, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì to àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sí ọ̀wọ́ ńlá méjì, ẹlẹ́ẹ̀kọkànlélọ́gọ́rin àti ẹlẹ́ẹ̀kejìlélọ́gọ́rin, wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú omi kó wọn lọ sí Íńdíà láti lọ bá àwọn ará Jàpáànù jà ní Bọ́mà. Wọ́n tó bí 90,000. Ohun tó ju ìdajì wọn lọ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ìyókù wá láti Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí, láti Sàró àti láti Gáńbíà. Àwọn ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ fi aláǹtakùn dúdú ṣe àmì wọn, wọ́n rán an mọ́ apá aṣọ. Nínú igbó àfonífojì Kaladan, ọkọ̀ kò lè rìn dáadáa. Orí ni wọ́n fi ru ẹrù ogun, bí ìgbà tí ìyá ń ru ẹrù lọ sọ́jà, bàálù a sì máa ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn láti òkè. Ní ìtẹ́ òkú ogun kan tí kò jìnnà sí Rangoon, wọ́n kọ orúkọ àwọn tí kò ní sàréè sára òkúta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27,000. Orúkọ ọmọ Yorùbá, Haúsá, Ìgbò, Tiv àti àwọn mìíràn láti ilẹ̀ wa wà nínú rẹ̀.

Ní ìlú wa, gbogbo ẹni tó lọ tó sì dé ni à ń pè ní Bàbá Bọ́mà. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí ẹni tó kẹ́yìn nínú wọn kú, wọ́n tú àpótí rẹ̀, wọ́n rí ìràwọ̀ idẹ kan tó ní rìbọ́nù, wọ́n sì fún ọmọ kékeré ilé kó máa fi ṣeré. Olùkọ́ kan ló rí i lọ́wọ́ ọmọ náà, tó gbé ọ̀rọ̀ wá sí ìpàdé ìlú. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Nǹkan kan wà nípa ìràwọ̀ yẹn tí mi ò tíì mọ̀ rí kí n tó gba iṣẹ́ yìí. Àwọn ìràwọ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ọmọ ogun wa lẹ́yìn ogun náà, wọn kò kọ orúkọ ẹni tó ni ín sí i lára. Bí ẹni tó ni ín bá kú, tí kò sí ẹni tó lè sọ pé "ti bàbá mi ni, ibi báyìí ló ti jà," idẹ lásán ló kù. Kì í ṣe irin la fẹ́ kọ́lé fún, ọ̀rọ̀ tó yí irin ká ni. Ọ̀rọ̀ sì ń kú lójoojúmọ́.

A pinnu pé yàrá mẹ́ta ni ilé náà yóò ní. Àkọ́kọ́ fún ogun àtijọ́, pàápàá Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí kò parí pátápátá títí di 1893, tó jẹ́ pé ìró ìbọn ló fún un lórúkọ. Ìkejì fún ogun Hítílà àti fún àwọn ọmọ wa tí wọ́n rán lọ pẹ̀tù síjà lókè òkun, ní Kóńgò láti 1960 àti ní Làìbéríà láti 1990. Ìkẹta fún ogun abẹ́lé, 1967 sí 1970. Ìlú fún wa nílẹ̀. Owó ló kù.

Mo ṣiṣẹ́ ní báńkì fún ọdún 31 kí n tó fẹ̀yìn tì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé e fún mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí, bóyá yóò wúlò fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀.

Ayẹyẹ ìkówójọ ni gbogbo ìlú máa ń kọ́kọ́ ṣe, a ṣe tiwa náà. Kánópì pọ̀, onílù pọ̀, àwọn èèyàn ńlá sì dìde lọ́kọ̀ọ̀kan láti kéde iye tí wọn yóò san. Gbogbo èrò pàtẹ́wọ́. Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, nígbà tí a ń gbé ìwé ẹ̀jẹ́ kiri láti ojúlé dé ojúlé. Ẹlòmíràn san án tayọ̀tayọ̀. Ẹlòmíràn kò gbé fóònù mọ́. Ẹ̀jẹ́ kì í ra sìmẹ́ǹtì, ẹ má fi ṣe ìṣirò ilé.

Owó tó kọ́ ògiri wa, àwọn tí kò gba máíkù ló mú un wá. Ìyálọ́jà ní kí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan máa mú ₦200 wá lọ́jọ́ ọjà. Àwọn awakọ̀ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lóṣù. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Kánò, ní Jọ́ọ̀sì, ní Lọ́ńdọ̀nù, ń fi ránṣẹ́ láti orí WhatsApp. A ṣí àkáǹtì tí ẹni mẹ́ta gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí kí owó tó lè jáde, ìdílé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì pa pọ̀. Kò sí iye tó kéré jù fún rìsíìtì. Ní ìparí oṣù, a ń lẹ orúkọ àwọn tó mú owó wá mọ́ ẹnu ọ̀nà ààfin, mọ́ ọjà, mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí, bí wọ́n ṣe dé la sì ń tò wọ́n, kì í ṣe bí owó wọn ṣe pọ̀ sí. Báyìí ni olówó kan ṣe bá orúkọ ara rẹ̀ lábẹ́ orúkọ ìyá ológì. Ó kọ́kọ́ fajú ro. Nígbà tó yá, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ìwé méjì la ní: ìwé owó àti ìwé ẹrù. Nínú ìwé ẹrù, a ń kọ ohun tí wọ́n mú wá, ẹni tó mú un wá, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀, ibi tó ti jagun, àti bóyá ẹ̀bùn ni tàbí wọ́n kàn yá wa ni. Bó bá jẹ́ wọ́n yá wa, ìdílé lè wá gbé e nígbàkígbà. Èyí ṣe pàtàkì gan-an, nítorí ọ̀pọ̀ kò fẹ́ kí ohun bàbá wọn ó lọ pátápátá, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ kí èèyàn rí i.

Ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ ológun tí ikán ti jẹ létí. Bẹ́líìtì. Ike omi onírin tí ìyá kan ti ń fi mu omi láti ìgbà tó ti wà ní wúńdíá. Fọ́tò ọmọkùnrin mẹ́ta nínú ṣòkòtò péńpé, tí a kò tíì mọ ẹni kan nínú wọn. Lọ́jọ́ kan, ìyá kan wá lọ́wọ́ òfo. Ó ní ẹ̀gbọ́n ìyá òun lọ sí Bọ́mà kò sì dé, wọn kò sì rí ohunkóhun gbà tó jẹ́ tirẹ̀. Ó bi mí pé, "Ẹni tí kò ní ẹrù ńkọ́, kò lè wọlé yín ni?" A ṣí ojú ìwé mìíràn lọ́jọ́ náà, fún orúkọ nìkan. Kò gba owó, kò gba ẹrù. Òun ló kún jù lónìí.

Ẹ óò béèrè bóyá ọ̀rọ̀ ẹnu àti orúkọ lásán lè ṣe nǹkan kan. Ẹ gbọ́ ti Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé, ní agbègbè Ọ̀wọ̀, ní ìpínlẹ̀ tiwa níbí. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọṣẹ́ ológun ní Abẹ́òkúta ní 1942, iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ni wọ́n fún un. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn ará Jàpáànù lúgọ dè wọ́n lẹ́bàá odò ní Kaladan. Ìbọn fọ́ egungun ẹsẹ̀ rẹ̀. Òun àti ọmọ Sàró kan, David Kargbo, ló ṣẹ́kù níbẹ̀ láàyè. Mùsùlùmí kan ní abúlé kan, tó ń jẹ́ Shuyiman, gbé wọn pamọ́ sínú ilé rẹ̀ títí di ìparí ọdún náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí ọ̀tá bá mọ̀, gbogbo ìdílé rẹ̀ ni yóò fẹ̀mí dí i. Fadoyebo padà wálé, ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn náà sílẹ̀. Nítorí pé ó kọ ọ́, oníròyìn kan láti Ìlú Ọba, Barnaby Phillips, wá a kàn, ó gba lẹ́tà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì wá ìdílé Shuyiman lọ sí Bọ́mà, ó sì rí wọn. Fadoyebo kú ní 2012, ṣùgbọ́n ìdúpẹ́ rẹ̀ ti dé ibi tó ń lọ. Ká ní kò kọ ọ́, ta ni ìbá mọ̀ pé ìdílé kan wà ní òkè òkun tí gbèsè ọpẹ́ wọn wà lọ́rùn ọmọ Emùré-Ilé?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni yàrá kẹta.

Ẹ̀gbọ́n kan wà, ọmọ ìlú wa tó ń ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Èkó. Ó wo ògiri wa tó dúró láìní òrùlé, ó sì ránṣẹ́ pè mí. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ní, "Àbúrò, má tọrọ owó kiri mọ́. Páánù, àjà, fèrèsé, àpótí gíláàsì, gbogbo rẹ̀ ti di tèmi." Sọ̀wédowó wà lórí tábìlì. Iye tó wà lórí rẹ̀ ju gbogbo ohun tí a ti rí kó jọ láti ọdún méjì lọ. Inú mi dùn débi pé mi ò tíì dìde nílẹ̀ tí mo ti ń ṣàdúrà fún un.

Lẹ́yìn náà ló sọ ìyókù. Ẹ̀gbọ́n tirẹ̀, àkọ́bí ìyá wọn, wọṣẹ́ ológun, ó sì jà ní Ọ̀rẹ̀ ní 1967. Gbogbo ẹ̀yin tó ń wọ ọkọ̀ láti Èkó lọ sí Benin tàbí sí ìlà-oòrùn, ẹ mọ Ọ̀rẹ̀, ibi tí ọkọ̀ ti ń dúró kí èrò jẹun. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, àwọn ọmọ ogun Biafra kọjá Odò Ọya, wọ́n gba Benin, wọ́n sì dé Ọ̀rẹ̀ kí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tó dá wọn padà. Títí dòní, bí nǹkan bá le, àwọn àgbà a ní, "Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò dé láti Ọ̀rẹ̀. Kò jìnnà sílé, síbẹ̀ wọn kò rí òkú rẹ̀ sin. Fọ́tò kan ṣoṣo ló yà nínú aṣọ ológun.

Ó ní òun gbọ́ pé fìlà kan wà nínú ìwé ẹrù wa.

Òótọ́ ni. Ìyàwó wa kan wà, ọmọ Ìgbò tí ọmọ ìlú wa fẹ́, ó ti lo ọgbọ̀n ọdún pẹ̀lú wa. Bàbá rẹ̀ jà fún Biafra. Ó mú fìlà bàbá rẹ̀ wá, aláwọ̀ ewé tó ti ṣá, àmì oòrùn tó ń yọ wà níwájú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ pé mo yá yín ni o. Àwọn ọmọ mi ni yóò jogún ẹ̀." A kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Mi ò bá ìyàwó yín jà. Ṣùgbọ́n fọ́tò ẹ̀gbọ́n mi kò ní wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú fìlà àwọn tó pa á. Ẹ dá fìlà náà padà, kí ẹ gba òrùlé." Mo ní a kò mọ̀ bóyá bàbá náà dé Ọ̀rẹ̀ rárá. Ó ní, "Ta ló mọ̀ pé kò dé ibẹ̀?" Mi ò rí èsì sí i. Kò pariwo. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí tábìlì.

Ìgbìmọ̀ jókòó lẹ́ẹ̀mẹta lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹnìkan ní ká gba owó, ká fi fìlà pamọ́, bí ilé bá ti parí ká gbé e jáde. Mo ní rárá. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ báńkì mọ̀ pé owó tí èèyàn bá fi irọ́ gbà, gbèsè ni. Ẹlòmíràn ní ẹ̀gbọ́n ló ni òkú rẹ̀, òun ló mọ bó ṣe ń dùn ún, àti pé fìlà kan kò tó ohun tí ilé ń tìtorí ẹ̀ wó. Ẹlòmíràn ní bí a bá dá fìlà padà, báwo la ṣe máa wo ojú àwọn ọmọ ìyàwó wa, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìlú yìí láti ilé bàbá wọn?

Bàbá kan wà nínú wa tó jà nínú ogun náà lápá ìjọba àpapọ̀. Ó ti lé ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Kì í dá sí ọ̀rọ̀. Ọjọ́ náà ló ní, "Kí ogun tó dé, a jọ wà ní Zaria tí wọ́n ti kọ́ wa níṣẹ́ ológun ni, èmi àti àwọn tí mo padà wá yìnbọn sí. A jọ jẹun ni. Ẹ lọ wo Umuahia kí ẹ tó pinnu."

Èmi àti bàbá náà la lọ. A gba Ọ̀rẹ̀, a gba Benin, a gba orí afárá Onitsha tí wọ́n fi àdó ba apá kan rẹ̀ jẹ́ ní 1967, kí a tó dé Umuahia. Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ogun ti Orílẹ̀-èdè wà níbẹ̀ láti 1985. Àwọn náà pín tiwọn sí ogun àtijọ́, iṣẹ́ ológun àti ogun abẹ́lé, bí àwa náà ṣe fẹ́. Inú ihò abẹ́ ilẹ̀ tí rédíò Biafra ti ń sọ̀rọ̀ nígbà ogun wà níbẹ̀. Ọkọ̀ ogun ojú omi NNS Bonny, tí ìjọba àpapọ̀ fi jà, jókòó sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ọkọ̀ onírin tí àwọn ará Biafra fúnra wọn rọ, àti àdó olóró tí wọ́n ń pè ní ogbunigwe, wà nínú ọgbà kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ìlú tó wà lápá kejì ogun ló gba ohun ìjà àwọn méjèèjì sílé. Bàbá dúró pẹ́ lẹ́bàá ọkọ̀ náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń mú wa káàkiri rí i pé ẹsẹ̀ ń ro ó, ó sáré lọ gbé àga wá fún un, ó ń pè é ní "Papa".

Nínú ọkọ̀ nígbà tí à ń bọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Yàrá kejì wa ni yàrá àwọn bàbá: Yorùbá, Ìgbò, Haúsá àti Tiv tí wọ́n jọ fi orí ru ẹrù nínú igbó kan náà ní Bọ́mà ní 1944, tí wọ́n wọ aṣọ kan náà, tí orúkọ wọn wà lára òkúta kan náà. Ọdún 23 péré lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ wọn ń yìnbọn sí ara wọn ní Ọ̀rẹ̀. Yàrá kẹta ni yàrá àwọn ọmọ. Bí a bá yọ apá kan kúrò nínú yàrá kẹta, ẹni tó bá ti yàrá kejì bọ́ síbẹ̀ kò ní mọ ohun tí a sọ nù. Ohun tí a sọ nù yẹn gan-an ló yẹ kí ọmọ wa rí kó tó tẹ́tí sí ẹni tó bá tún fẹ́ ran ogun sí i létí.

A dìbò. Ìbò méjì péré ni ẹgbẹ́ tó ní ká tọ́jú fìlà fi borí. Èmi àti akọ̀wé gbé sọ̀wédowó lọ bá ẹ̀gbọ́n pẹ̀lú lẹ́tà ọpẹ́. Ó kà á tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Bó bá ṣe ẹ̀gbọ́n tìrẹ ni ńkọ́?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ̀. Ó ṣeé ṣe kí n ṣe bí ẹ ti ṣe yìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé orúkọ wọn ti wà nínú ìwé wa láti ọdún àkọ́kọ́. Àbúrò yín obìnrin ló mú un wá. Bí ẹ fúnni lówó, bí ẹ kò fúnni, orúkọ náà kò ní jáde." Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó gba sọ̀wédowó rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá fún wa. A jẹun kí a tó lọ.

Mi ò ní sọ fún yín pé gbogbo nǹkan dára lẹ́yìn náà. Ẹni méjì fi ìgbìmọ̀ sílẹ̀. Àwọn kan lọ́jà ní àwa ará ìwé la fi ọ̀rọ̀ ìwé ba iṣẹ́ ìlú jẹ́. Yàrá àkọ́kọ́ àti ìkejì ti ní òrùlé, àwọn ọmọ iléèwé sì ti ń wọ̀ wọ́n. Tapólì ló ṣì bo yàrá kẹta, bí òjò bá rọ̀ a ní láti sáré kó àpótí wọlé. Fìlà náà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ní ọ́fíìsì wa. Ìyàwó wa ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní bí ó bá jẹ́ fìlà ni kò jẹ́ kí ilé parí, kí a dá a padà fún òun, òun kò ní bínú. A ní kó jẹ́ kó wà níbẹ̀. Bí èmi àti ẹ̀gbọ́n bá pàdé níbi ìnáwó, ó máa ń béèrè pé, "Ẹ ti bo yàrá kẹta?" Èmi náà a ní, "Ó ku díẹ̀, Ẹ̀gbọ́n." Mi ò béèrè fọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá fẹ́ mú un wá, ó mọ̀nà.

Ẹ̀yin ìdílé, ẹ kò nílò kí ẹ kọ́lé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ogun abẹ́lé parí ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1970, Ọ̀gágun Gowon ní kò sí aṣẹ́gun, kò sí ẹni tí a ṣẹ́gun. Ọjọ́ náà la fi ń rántí àwọn ọmọ ogun wa lọ́dọọdún báyìí, tí wọ́n ń tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀ lójú ọ̀run. Kí ọdún tó ń bọ̀ tó dé, ẹ bá àwọn àgbà yín jókòó. Ẹ béèrè ta ló lọ, ibo ló lọ, ta ni kò dé. Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ẹ kọ ọdún bí ẹ bá rí i, ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó sọ fún yín. Bí ìràwọ̀ bá wà nínú àpótí, ẹ fi òwú so ìwé pélébé mọ́ ọn, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó ni ín. Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má sì tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù kiri. Bí ẹnìkan nínú ìdílé yín bá jà ní apá tí kò wu yín, ẹ kọ tirẹ̀ náà. Ọmọ yín ni yóò kà á, kò sì yẹ kó jẹ́ ìdajì ìtàn ló máa bá nílẹ̀.

Ní tiwa, ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ la tún máa gba ₦200 ti ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo ti ṣírò rẹ̀. Bí ọwọ́ kò bá dẹwọ́, òjò ọdún tó ń bọ̀ kò ní bá tapólì lórí yàrá kẹta mọ́. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká tún rí ohun tí yóò mú wa kọ́ yàrá kẹrin.